Èsì: Kí ni ká máa pe x?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká máa pe áljẹ́brà (ìṣirò tó ń fi lẹ́tà bíi x dúró fún nọ́mbà) àti àwọn ohun inú rẹ̀, láì dá sí i, àmọ́ àbá mẹ́ta tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Àbá kìíní ní ká pe áljẹ́brà fúnra rẹ̀ ní "ìṣirò alámì". Èkejì ní kí x máa jẹ́ "oníyípadà", torí pé "variable" ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹ̀kẹta, tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Èkó mú wá, ní "nǹkan" ló tọ́ sí x, pé ohun tí àwọn Lárúbáwá ń pè é nìyẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó rárá.

Kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀: inú ilé la ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa n'Íbàdàn níbí, ọdún kẹrin rèé. Ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jẹ́ 16, ọmọ àbúrò mi sì máa ń wá bá wọn lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé wọn, Gẹ̀ẹ́sì náà ni WAEC aládàáni tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di "mi ò gbọ́ ọ yé", Yorùbá la máa ń fi tú u. Ìdí nìyí tí n kò fi wá ọ̀rọ̀ tí yóò dùn ún wò nínú ìwé atúmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí màá lò láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la ni mò ń wá, níwájú pátákó, pẹ̀lú ọmọ tí ebi ti ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kúrò lórí "ìṣirò alámì". Àmì wà nínú àròpọ̀, ó wà nínú ìyọkúrò. Èwo wá ni ìṣirò tí kò lámì? Ní tèmi, kí áljẹ́brà máa jẹ́ áljẹ́brà. Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò tó kọ ìwé rẹ̀ ní Bàgdádì ní nǹkan bí ọdún 820 ló fi "al-jabr" sínú àkọlé rẹ̀. Àwa tí à ń jẹ àlùbọ́sà, tí à ń tọrọ àlàáfíà àti àlùbáríkà, "al" Lárúbáwá kan náà ló wà lẹ́nu wa láti ọjọ́ yìí wá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà ló ti tọ̀ wá wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tíṣà, bóyá "àlùjábárà" là bá máa pè é.

Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ "jabr" yẹn ṣe pàtàkì, màá sì padà sí i. Dídá nǹkan padà sípò ni. Títo eegun tó ṣẹ́ náà, jabr ni. Ní Sípéènì àtijọ́, "algebrista" ni wọ́n ń pe ẹni tó ń to eegun.

Ó kan "oníyípadà". Mo lò ó. Mo kọ 3x + 5 = 20 sójú pátákó, mo ní oníyípadà ni x yìí. Ọmọkùnrin mi wò ó, ó ní, "Màmá, ṣé ó ń yí padà ni? Ṣebí márùn-ún ni." Mo dákẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Márùn-ún ni x kí n tó kọ ọ́, márùn-ún náà ló sì jẹ́ lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán. Àwa ni a ò tíì mọ̀. Àmọ́ bí mo bá ní owó ọkọ̀ jẹ́ 300 náírà lórí èrò kan, tí mo wá kọ y = 300x, x yìí ń yí padà lóòótọ́: èrò ń wọlé, èrò ń bọ́ sílẹ̀, owó kọ̀ńdọ́ sì ń tẹ̀ lé e. Bí mo bá sì kọ (a + b)² = a² + 2ab + b², kò sí ohun tí à ń wá níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ń yí padà. Ohun tí à ń sọ ni pé nọ́mbà yòówù kí ẹ fi sípò a àti b, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Iṣẹ́ mẹ́ta nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ẹrù kan, ó pè é ní "variable". Kí ló wá kàn wá tí a ó fi gbé ẹrù náà bó ṣe wà?

"Nǹkan" ni mo gbádùn jù nínú àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì dà mí láàmú jù. Ẹ̀gbọ́n wa jàre lórí ìtàn. "Shay'" ni àwọn onímọ̀ Lárúbáwá ń pe ohun tí wọ́n ń wá nínú ìṣirò, nǹkan náà ni. Nígbà tó dé Ítálì, wọ́n pè é ní "cosa", nǹkan ṣì ni. Àwọn ará Jámánì ayé ìgbà náà tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe orúkọ áljẹ́brà lódindi, wọ́n pè é ní "Coss". Ọdún 1637 ni Descartes ará Faransé tẹ ìwé tó mú kí x, y àti z di àṣà. (Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, y nìkan ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì tiwa. Ẹni tó ní ká fi ẹ, ọ àti ṣ rọ́pò wọn, mo bẹ̀ yín, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ìkọ̀wé ọmọ ọdún 14 kọ ọ́ ná, kí ẹ wá sọ fún mi ibi tí àmì ìsàlẹ̀ parí sí àti ibi tí ojúàmì dẹ́símà ti bẹ̀rẹ̀.)

Mo wá lo "nǹkan" fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn lẹ́nu: "nǹkan mẹ́ta, ó lé márùn-ún." Ìgbà tó yá ni mo fún wọn ní ìṣirò yìí: adìẹ ilé ìyá àgbà jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ewúrẹ́ rẹ̀; ẹ fi a dúró fún adìẹ, e fún ewúrẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin mi, tó yára jù nínú wọn, kọ 6a = e. Ẹ fi nọ́mbà dán an wò: bí ewúrẹ́ bá jẹ́ 2, adìẹ á jẹ́ 12, mẹ́fà lọ́nà 12 á sì jẹ́ 72, kì í ṣe 2. Mo bi í léèrè bó ṣe rò ó. Ó ní, "Adìẹ mẹ́fà sí ewúrẹ́ kan." Ẹ rí i báyìí? Adìẹ fúnra rẹ̀ ló wà lójú rẹ̀, lẹ́tà a ti hu ìyẹ́, ó ti ń jẹ̀ kiri àgbàlá. Kò rí iye.

Kì í ṣe Yorùbá ló fà á o. Ní nǹkan bí 1980, ní Yunifásítì Massachusetts l'Amẹ́ríkà, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní irú ìbéèrè yìí gan-an, iye akẹ́kọ̀ọ́ sí iye ọ̀jọ̀gbọ́n ni tiwọn. Àwọn tó ṣì í lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dojú rẹ̀ kodò bí ọmọ mi ṣe ṣe. Àmọ́ bí àṣìṣe bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, "nǹkan" á kàn tì í lẹ́yìn ni. Ohun tí à ń fọwọ́ bà ni nǹkan. Nọ́mbà ni x.

Ohun tó yanjú rẹ̀ nílé wa ni "iye". Kò sẹ́ni tó ń rò pé ó lè fọwọ́ ba iye. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọmọ ti gbọ́ ọ kó tó mọ ìwé: iye tí wọ́n tà á, iye tó kù, iye tí ẹ jẹ mí. a ni iye adìẹ, e ni iye ewúrẹ́, iye adìẹ ló pọ̀, nítorí náà a = 6e. Àbá mi nìyí: x inú 3x + 5 = 20, kó máa jẹ́ "iye àwárí"; àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, a ó wá a títí a ó fi rí i. x inú y = 300x, kó jẹ́ "iye ayípadà". Ti (a + b)², "iye yòówù". Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún lẹ́tà kan. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe, ẹ jẹ́ kó gba orúkọ mẹ́ta.

Ibi tí mo rò pé ẹ ò tíì dé rárá ni ti àmì =. "Ìdọ́gba" ni gbogbo wa gbà pé "equation" ń jẹ́, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ohun tí ẹnu ń sọ nígbà tí ojú bá rí àmì náà: "mẹ́jọ àti mẹ́rin, ó di méjìlá." Ó di! Bí ọmọ bá ti gbọ́ "ó di", èsì ló ń retí. Ẹ kọ 8 + 4 = … + 5 fún ọmọ yín lónìí, kí ẹ ní kó dí àlàfo. Tèmi fi 12 síbẹ̀, pẹ̀lú ìgboyà, ní ọmọ ọdún 14. Méje ló yẹ kó wà níbẹ̀. Lójú rẹ̀, = dà bí ẹ̀rọ ata: da nǹkan sí i lápá kan, nǹkan mìíràn á jáde lápá kejì.

Robert Recorde ará Wales ló kọ́kọ́ lo àmì yìí, nínú ìwé kan ní 1557. Ó fa ìlà méjì tó gùn bákan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ní kò sí nǹkan méjì tó tún lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Kò sí "ó di" nínú ohun tó ní lọ́kàn. A ti fòfin de "ó di" nílé wa báyìí nígbà ẹ̀kọ́ áljẹ́brà, ẹni tó bá sọ ọ́ ló máa fọ abọ́. (Èmi ni mo ti fọ abọ́ jù.) À ń kà á báyìí: "mẹ́jọ àti mẹ́rin bá èwo àti márùn-ún dọ́gba?" Ó gùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń wo apá méjèèjì.

Ibẹ̀ ni títo eegun ti wúlò. Àwọn tíṣà tó kọ́ èmi fúnra mi máa ń ní bí nọ́mbà bá "sọdá", àmì rẹ̀ á yí padà. x − 7 = 12: méje sọdá, x = 19. Mo gba máàkì lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà láì mọ ohun tí mo ń ṣe. Kí ló sọdá? Afárá wo? Ohun tí al-jabr ń wí ni pé wọ́n ti gé méje kúrò lára x, ẹ dá a padà fún un kó lè pé. Bí ẹ bá sì ti fún apá kan, ẹ fún apá kejì náà, kí ìdọ́gba má bàjẹ́. "Dá a padà" ni à ń lò nísinsìnyí dípò "sọdá". Ọmọ àbúrò mi ní ó pẹ́ ju sísọdá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò tún gbé àmì sódì mọ́.

Ẹnìkan kọ̀wé pé Yunifásítì Ifẹ̀ ti parí iṣẹ́ yìí láti ayé Fafunwa. Ẹ má bínú, kò parí. Iṣẹ́ ńlá ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ni fún ọdún mẹ́fà gbáko, ṣùgbọ́n ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ibi tí tiwọn parí sí ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Kódà lára ọ̀rọ̀ ìṣirò tí gbogbo wa mọ̀, ó ní èyí tó ń dà mí láàmú: "ìsọdipúpọ̀". Ìdajì lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rin. Kí la sọ di púpọ̀ níbẹ̀?

Ohun tí Yorùbá fi ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni "lé" àti "dín". Áljẹ́brà wà nínú orúkọ nọ́mbà wa kí tíṣà tó dé. Ẹ wo 47, ẹ́ẹ́tàdínláàádọ́ta: ogún lọ́nà mẹ́ta, ẹ yọ mẹ́wàá, ẹ tún yọ mẹ́ta. Ọmọ tó lè ka iye báyìí ti ń yọ iye nínú iye láti kékeré. Mo fi ìyẹn kọ́ wọn pé 20 − x ni "x dín lógún", bí ẹ́ẹ́tàdínlógún. Inú mi dùn títí mo fi rí ìwé ọmọ àbúrò mi: x − 20. Ó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, x ló ṣáájú! A wá yí i sí "ogún ó dín x", bí àwọn àgbà ṣe ń ní "ogójì ó dín kan", wàhálà sì parí. 3x náà rí bẹ́ẹ̀. "x mẹ́ta" ni ẹnu wa fẹ́ sọ, torí pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni nọ́mbà ń jókòó sí lọ́dọ̀ wa, ọmọ á sì kọ x3, kò ní pẹ́ kó di x³. "Ìlọ́po mẹ́ta x" ló tọ́jú ipò mẹ́ta síwájú. Fún x², à ń ní "x lọ́nà ara rẹ̀". Mo fẹ́ fi èyí dé x³, kò bọ́ sí i: "x lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta", ṣé ẹ̀ẹ̀mẹta ni x fara hàn ni, àbí ẹ̀ẹ̀mẹta la sọ ọ́ di púpọ̀? Nítorí náà mo gba "x alágbára mẹ́ta" tí ẹ ti dábàá ṣáájú, bó tilẹ̀ ń dún létí mi bí oògùn ìbílẹ̀.

Àkámọ́ kò ní wàhálà, "tú àkámọ́" sì yé gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Nọ́mbà tó wà níwájú x ni mi ò rí orúkọ fún. "Nọ́mbà iwájú" là ń pè é, mo mọ̀ pé kò tó. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé, torí ọjọ́ náà la máa bẹ̀rẹ̀ ìdọ́gba méjì tí à ń yanjú pọ̀, bíi x + y = 10 pẹ̀lú x − y = 4. Àwọn ọmọ ti sọ wọ́n lórúkọ kí n tó délé: "ìdọ́gba ìbejì". Ọmọbìnrin mi ò fara mọ́ ọn. Ó ní ìbejì lè má gbà síra wọn, ṣùgbọ́n x kan náà àti y kan náà ló gbọ́dọ̀ bá àwọn méjèèjì mu. Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ mọ èwo ni Táíwò.