Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ bọ́ọ̀tì RPA (ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá iṣẹ́ àṣetúnṣe ṣe fúnra ẹ̀) fún iṣẹ́ sọ́pláì sójà?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ wà nídìí sọ́pláì nínú sójà Amẹ́ríkà níbí. Ojoojúmọ́ la máa ń wo nọ́ńbà páàtì ọkọ̀ nínú Excel ká tún lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú GCSS-Army, ìyẹn síísítẹ́ẹ̀mù tí sójà fi ń bèèrè páàtì, ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó ń dúró de páàtì ò lè jáde. Mo fẹ́ kí bọ́ọ̀tì máa bá wa ṣe é, DLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń pèsè ẹrù fáwọn sójà, kúkú ti ń lo irú ẹ̀.

Ibi tó ti há rè é: dígíìtì 13 ni NSN (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá páàtì kọ̀ọ̀kan mọ̀), mẹ́sàn-án tó gbẹ̀yìn ni NIIN, tiwa níbí sì pọ̀ tó fi 01 bẹ̀rẹ̀, Excel á kàn gé òdo iwájú yẹn dànù, ni bọ́ọ̀tì á bá gbé mẹ́jọ péré lọ, síísítẹ́ẹ̀mù á lóun ò mọ̀ ọ́n. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí òdo yẹn ò fi ní sọnù?

Èkejì, CAC, káàdì ìdánimọ̀ sójà, la fi ń wọlé sórí síísítẹ́ẹ̀mù, mi ò sì ní gbé tèmi fún bọ́ọ̀tì láéláé, ọ̀rọ̀ ààbò nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbàṣẹ kí bọ́ọ̀tì ní àkáǹtì tiẹ̀, ọ̀dọ̀ ta lẹ kọ́kọ́ lọ, kí ni wọ́n sì bi yín?