Ká yọ èjìká kúrò nínú ìtumọ̀ "chip on the shoulder"

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ó ní "a chip on his shoulder", ìyẹn ẹni tí ọgbẹ́ àtijọ́ ń mú kó máa wá ìjà kiri, ká máa pè é ní ẹni tó gbé èérún igi sí èjìká. Mo júbà ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ dá a, ṣùgbọ́n mi ò lè fara mọ́ ọn. Létí Yorùbá, ohun tó bá wà léjìká ẹni, ẹrù ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé bùkátà ló wọ ọkùnrin náà lọ́rùn, á máa káàánú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjà lonítọ̀hún ń wá.

Ní 1830, ìwé ìròyìn Long Island Telegraph ní ìpínlẹ̀ New York ṣàlàyé rẹ̀: bí ọmọkùnrin méjì bá fẹ́ jà, wọ́n á gbé èérún igi lé èjìká ọ̀kan, wọ́n á ní kí èkejì gbọ́n ọn dànù bó bá tó bẹ́ẹ̀. Igi yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Àdéhùn ló sọ ọ́ di àrífín.

Àwa náà ní tiwa! Ta ni ò rántí okìtì yẹ̀pẹ̀ méjì tí àwọn ọmọdé máa ń kó sáàárín àwọn tó fẹ́ jà? "Orí ìyá tìẹ rèé, orí ìyá tòun rèé." Ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tú ti ẹnì kejì ká, ìjà dé nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká sọ pé "ó ń gbé yẹ̀pẹ̀ ìjà kiri."

Àwọn kan ní "ìkùnsínú" ti tó. Kò tó rárá. Èèyàn lè kùn sínú títí ọdún á fi yípo, kó má ṣẹ́jú sẹ́nikẹ́ni. "Ó dì mí sínú" náà, ẹnì kan pàtó ló ń bá ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń wí yìí, ẹ bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹ ti ka ìwé yìí?" Èsì ẹ̀ ni, "Torí ẹ rò pé mi ò mọ̀wé, àbí?" Ó ti di yẹ̀pẹ̀ mọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó lanu.

Gẹ̀ẹ́sì òde òní ti fi ọgbẹ́ àtijọ́ kún un, bí òṣì ìgbà èwe tàbí àìrílé-ìwé lọ. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ hàn. Ká kọ́kọ́ dárúkọ ọgbẹ́ ọ̀hún: "Àìkàwé ń dùn ún, ló fi ń gbé yẹ̀pẹ̀ ìjà kiri."