Honda 175 bàbá mi: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Tíṣà: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Alùpùpù Honda CD175 kan wà nílé wa ní Ìbàdàn. Òun ni bàbá mi fi ń lọ síléèwé tí wọ́n ti ń ṣe tíṣà nígbà tí mo wà ní kékeré. Láti 2003 ló ti wà lẹ́yìnkùlé, tápólì la fi bò ó. Bàbá ti di olóògbé báyìí. Màmá ní kí n mú un, kí n má jẹ́ kó jẹrà síbẹ̀.

Mo fẹ́ tún un dá ni: kí n gé ẹ̀yìn férémù rẹ̀ kúrú, kí n fi ìjókòó ẹlẹ́nìkan sí i, kí n yọ páànù tó bo ṣéènì. Ilé ni mo ti fẹ́ ṣe é, ní òpin ọ̀sẹ̀. Wẹ́dà àdúgbò ní kí n gbé e wá ní Sátidé. Kíìkì rẹ̀ le bí òkúta, kò lọ, kò bọ̀. Inú táńkì ti dípẹtà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Bàbá Ìbejì: Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ẹ́ńjìnnì tí kò tíì dún, má gé férémù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí mo rí tí wọ́n gé lọ́jọ́ kìíní, ọ̀dọ̀ onírin àjákù ló gbẹ̀yìn wọn. Yọ pílọ́ọ̀gì méjèèjì, sílíńdà méjì ló ní. Po dísù mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, da díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, fi í sí jíà tó ga jù, kí o máa fi táyà ẹ̀yìn mì ín síwá sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má fẹsẹ̀ gún kíìkì o! Eyín inú rẹ̀ lè kán, wàá sì ní láti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Oníwáyà Mọ́kọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, fóòtì 6 ni iná CD175. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bátìrì ọkadà òde òní tó jẹ́ fóòtì 12 sí i, gbogbo gílóòbù ni yóò jó. Kí ẹ tó yọ wáyà kankan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sára téèpù náà. Ẹ fi sáńdípépà tó kúnná ra ojú pọ́ìǹtì, ìyẹn irin kékeré méjì tó máa ń ṣí, tó máa ń pa dé, kí pílọ́ọ̀gì lè ṣáná. Kí àyè àárín wọn nígbà tí wọ́n bá ṣí jẹ́ mìlímítà 0.3 sí 0.4.

Àdùnní: Táńkì ni tèmi. Wẹ́dà ò gbọdọ̀ fi iná kàn án! Èéfín bẹntiróò àtijọ́ ṣì lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè bú gbàù. Fínígà funfun ni mo rọ kún tèmi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ju nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ sí i, mo ń mì í. Nígbà tí mo dà á nù, ó pọ́n bí omi osùn. Kíá ni mo ṣàn án, mo sá a gbẹ, mo sì da ọ́ìlì yí inú rẹ̀ ká, torí ìpẹtà mìíràn kì í pẹ́ dé.

Mẹkáníìkì Ọ̀yọ́: Sìkúrú ara ẹ́ńjìnnì Japan ìgbà yẹn, orí wọn yàtọ̀. Sìkúrú dírẹ́fà tí gbogbo wa ń lò máa ń fá wọn ni. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JIS sí, ìyẹn ìlànà àwọn ará Japan. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku bíréèkì o, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì ayé ìgbà náà. Omi ọṣẹ àti àkísà ni kí ẹ lò. Nọ́ńbà tó wà lọ́rùn férémù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá a. Òun ni ẹ̀rí yín lójú ọlọ́pàá.

Páànù ṣéènì yẹn ńkọ́, kí ló dé tí ẹ fẹ́ yọ ọ́? Òun ni kì í jẹ́ kí eruku ọ̀nà wa tètè jẹ ṣéènì.

Ọmọ Tíṣà: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ní kí wẹ́dà má retí mi. Pílọ́ọ̀gì ọ̀tún jáde wẹ́rẹ́, ti òsì bá mi jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Dísù ti wà nínú méjèèjì báyìí. Páànù ṣéènì ò ní kúrò mọ́. Ibi tí orúnkún Bàbá máa ń fara kan lára táńkì, ọ̀dà ibẹ̀ ti ṣí, irin ń dán níbẹ̀. Mi ò ní kùn ún. Àǹtí Àdùnní, ṣé fínígà ò ní ba ọ̀dà ìta jẹ́?

Àdùnní: Ó lè bà á jẹ́ tó bá dà sí i. Fi girísì ra ẹnu táńkì yíká, kó o fi ọ̀rá wé ìyókù.