Ẹ wá sọ tiyín: alẹ́ wo nídìí Dungeons & Dragons ni ẹ kò lè gbàgbé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé a pọ̀, a kàn ń dákẹ́ ni, àwa Yorùbá tí à ń ta eré D&D. Ẹ jẹ́ á sọ tiwa lónìí. Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2019 ni mo wá kàwé ní Leeds. Àwa márùn-ún la jọ ń lo ilé ìdáná kan, a kì í sì í bára wa sọ ju "báwo ni" lọ. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo wọlé lọ se ìndómì, mo bá mẹ́ta nínú wọn tí wọ́n yí tábìlì ká pẹ̀lú bébà, pẹ́ńsù, àti irú dáìsì tí n kò rí rí: olójú mẹ́rin, olójú mẹ́jọ, olójú méjìlá, àti ọ̀kan tó rí roboto bí àgbálùmọ̀, tí ojú rẹ̀ pé ogún. Èmi tí mo mọ̀ kò ju ti lúdò lọ. Mo ní ṣé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta ni? Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣe olè nínú eré wọn kò wá lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣé n kò ní bá wọn dúró sípò rẹ̀. Ìyá mi ò rán mi wá sókè òkun láti wá ṣe olè, ṣùgbọ́n mo jókòó.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ẹnì kan láàárín yín ni yóò jẹ́ DM (Dungeon Master). Òun ni apààlọ́. Òun ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun ló ń fọhùn bí ọba, bí alágbe, bí iwin. Ẹ̀yin tó kù, kálukú ní ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀, tí agbára rẹ̀, ìyára ara rẹ̀, ọgbọ́n orí rẹ̀ àti bí ẹnu rẹ̀ ṣe dùn tó wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. O sọ ohun tí o fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, o ju olójú ogún, o fi nọ́ńbà tìrẹ kún un, ẹ sì wò ó bóyá ó tó. Nínú àlọ́ ìyá àgbà, a ti mọ̀ pé Ìjàpá yóò fojú winá kí àlọ́ tó parí. Níbí, Ìjàpá lè mú un jẹ. Apààlọ́ gan-an kò mọ̀.

A dé ẹnubodè ìlú kan, ẹ̀ṣọ́ ní àwọn kì í gba àlejò lẹ́yìn tílẹ̀ bá ṣú. Gbogbo wọn kọjú sí mi: kí ni n ó ṣe? Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Nígbà tí n ó lanu, mo ní ẹ̀dá ìtàn mi dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. DM ní kí ni ìyẹn. Àlàyé kò wá sí mi lẹ́nu, ni mo bá dìde, mo na gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi, ẹ dákun." DM rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì, kí n mú èyí tó bá pọ̀ jù. Èkíní, mẹ́rin. Èkejì, ogún gbáko! Ilẹ̀kùn ṣí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀ṣọ́ tí a pàdé nínú eré yẹn tí a kò dọ̀bálẹ̀ fún. Ọmọ Wales kan láàárín wa ti mọ ìdọ̀bálẹ̀ ju àwọn àbúrò mi lọ.

Ìndómì mi jó kanlẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ kú eré. Èmi kì í ta á o, àwọn ọmọ mi ló ń ta á. Nígbà tí Táíwò kọ́kọ́ gbé ìwé rẹ̀ wọlé, mo rí ohun oníwo tó ń yọná lẹ́nu lára ìwé, mo gbé e lọ sókè kọ́bọ́ọ̀dù, mo ta òróró sí i. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé láti 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé eré náà jáde, àti pé ariwo "ti Sátánì ni" tí mò ń pa yìí, àwọn ará ibẹ̀ ti pa á kí n tó bí ìbejì. Ìyá kan tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1983 láti gbógun tì í. Dírágónì ńkọ́? Ó ní ṣé mo ti gbàgbé pé dírágónì wà nínú Ìfihàn ni. Mo gbé ìwé sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mò ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́, mo gbọ́ wọn ní pálọ̀ tí wọ́n ń gbìmọ̀ àtidáná sun ṣọ́ọ̀bù ìyá kan nínú eré, nítorí pé ọjà rẹ̀ wọ́n. Mo pariwo: "Kí ló ṣe yín? Ẹ ò lè ná ọjà ni?" Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Kẹ́hìndé tó jẹ́ DM wọn ní, "Mọ́mì, ẹ kúkú wá jẹ́ ìyá ọlọ́jà náà."

Bí mo ṣe di oníṣòwò nìyẹn. Nínú ìwé wọn, idà gígùn jẹ́ owó wúrà 15, ìgò oògùn ìwòsàn kan sì jẹ́ 50. Mo ní 80 ni oògùn tèmi. Ọ̀rẹ́ wọn òyìnbó kan ti fẹ́ sanwó láìjanpata, mo ní ó tì o, èèyàn kì í rajà báyẹn. Mo kọ́ ọ: kọ́kọ́ sọ pé kò dáa, kí o kẹ̀yìn sí mi bí ẹni ń lọ, kí o jẹ́ kí n pè ọ́. A parí rẹ̀ sí 62, mo sì fi ògùṣọ̀ kan ṣe èènì fún un. Ó bi mí pé ojú ewé wo ni èènì wà nínú ìwé. Mo ní kò sí nínú ìwé, inú mi ló ti wá.

Ará Yábàá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ̀ ń jayé. Nígbà tí àwa bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá, a ò rí dáìsì olójú ogún rà. Ti ìwé rọrùn: ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2014, ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì lọ tẹ̀ ẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Irú ẹ̀dá mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀: jagunjagun, àlùfáà, olè, oṣó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní oṣó, ni a bá sọ ọ́ di Prófẹ́sọ̀.

A kọ́kọ́ fi dáìsì lúdò méjì ta á. Kò bọ́ sí i, nítorí méjì kò lè fún ọ ní oókan láéláé, eéje ló sì máa ń jáde jù: nínú ọ̀nà 36 tí wọ́n lè gbà balẹ̀, mẹ́fà jẹ́ eéje. Olójú ogún kì í ṣe ojúsàájú bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tó ń ka ìṣirò ló ní kí á gé bébà ogún, kí á kọ 1 dé 20 sí wọn, kí á kó wọn sínú agolo Milo. O tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, o mú ọ̀kan, o kà á, o dá a padà, o mi agolo. Ọdún méjì gbáko la fi agolo yẹn ta eré.

Lálẹ́ tí a pàdé dírágónì, iná ti lọ láti òwúrọ̀, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń ríran. Dírágónì fẹ́ iná lu Prófẹ́sọ̀ wa, ẹ̀mí rẹ̀ bọ́ sí òdo. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa mú nọ́ńbà fún ẹ̀mí ara rẹ. Mẹ́wàá sókè, ó dára. Bí kò bá tó mẹ́wàá, kò dára. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé mẹ́ta ló borí. Ó mú 7. Ó mú 3. Ó ku ẹyọ kan kí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá. Ó mi agolo náà bí ẹni ń gbàdúrà, kò sẹ́ni tó mí. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ 20! Ogún a máa jí ẹni dìde lójú ẹsẹ̀. A fò sókè, a ké, àga dojú dé. Àwọn ará ilé kejì gbọ́ igbe wa, wọ́n rò pé iná ti dé, àwọn náà fi "Up NEPA!" bọnu. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sáré lọ tan ẹ̀rọ omi.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bébà wa ti gbó, a da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti gé òmíràn. Ẹnì kan ti ṣẹ́ etí 20 díẹ̀. A wo Prófẹ́sọ̀. Prófẹ́sọ̀ ń wo fóònù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds

Háà! Òun gan-an ló yẹ kó gba iṣẹ́ olè.

Nọ́ọ̀sì alẹ́, Houston

Ẹ má bínú, tèmi kò pani lẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́fà la jọ ta eré kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́rin. Dírágónì kọ́ ló tú wa ká. Ẹnì kan gbéyàwó, ẹnì kan kó lọ sí Dallas, èmi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru. Lálẹ́ tí a ṣe kẹ́yìn, a dé iwájú ilẹ̀kùn irin kan lábẹ́ òkè. Nǹkan ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ ṣí i. DM wo aago, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti di ọdún mẹ́ta. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́ta òru, tí wọ́ọ̀dù dákẹ́ rọ́rọ́, ilẹ̀kùn yẹn ni mo máa ń rò. Mo ti bẹ DM títí kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó ní ẹni tí kò bá ṣílẹ̀kùn kò lè mọ̀.

Ẹni tó ni ilẹ̀kùn

Èmi ni DM yẹn. Nǹkan náà ṣì ń mí o. Mo ti bá ará Dallas sọ̀rọ̀, a lè ta á lórí fídíò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́jọ alẹ́. Wá ṣílẹ̀kùn rẹ.

Nọ́ọ̀sì alẹ́, Houston

Yéè! Ìwọ rèé? Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ajé ńkọ́?