Bóòtù sọ́ọ̀ǹpù MG TD: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Mo béèrè níbí ìdí tí bóòtù tuntun tí mo fẹ́ fi de sọ́ọ̀ǹpù (àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì) fi ń há nínú ẹ́ńjìnnì XPAG tó wà nínú ọkọ̀ MG TD mi ti 1951. Nínú àwọn tó dáhùn, ẹni tó ní kí n fi géèjì wọn tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ (ìlà yíyí ara bóòtù) ló gbà á: M8 (fífẹ̀ 8 mm) ni, àlàfo láàárín ìlà kan sí èkejì jẹ́ 1.0 mm. Sípánà Whitworth 1/4 (ìwọ̀n àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) ló ń gba orí rẹ̀, òun ló ń tan èèyàn jẹ. UNF 5/16 (bóòtù oní-íǹṣì) tí àwọn kan dá lábàá máa wọ díẹ̀, torí 1.06 mm ni tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá dè é, á ba ihò jẹ́. M8 tòde òní, 1.25 mm, kò tiẹ̀ wọ̀ rárá.

M8 × 1.0 tí mo rà, ọwọ́ lásán ni mo fi yí i dé ìdí. Àmọ́ orí 13 mm ló ní, kò jọ ti àtijọ́. Ihò kan ṣì ń jo ọ́ìlì. Helicoil (wáyà yíyí tí wọ́n ń fi ṣe tírẹ́ẹ̀dì tuntun sínú ihò tó ti bàjẹ́) ló kù. Ẹ ṣeun.