Òǹtànjẹ wo ló wọnú purotéènì?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀gá wa tó ń kọ̀wé láti Ṣàgámù sọ àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń lẹ mẹ́táìlì (methyl, ìdìpọ̀ átọ̀mù kékeré kan) mọ́ purotéènì ní "òǹtàn-jẹjẹrẹ" lánàá, ìyẹn ohun tó ń tan jẹjẹrẹ ká, ènìyàn mẹ́ta sì ti gbóríyìn fún wọn. Ẹ má bínú, èmi ò lè gbà á.

Mo kà á sókè fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá àgbà gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀: "Ta ni òǹtànjẹ ọ̀hún tàn jẹ?" Ohun tí etí ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ nìyẹn. Ohùn ìsàlẹ̀ orí "tàn" kì í sì í dúró bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e: tan ìròyìn ká là ń wí. Ta ló wá dá a dúró níbí?

"Òǹ-" yìí gan-an ló dùn mí jù. Iṣẹ́ ẹni ló ń sọ. Ẹni tó ta ewùrà lẹ́ẹ̀kan péré l'Ókè-Àjé kò tíì di òǹtajà. Ẹ wo EZH2, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lẹ mẹ́táìlì mẹ́ta mọ́ ojú 27 lára histone H3, purotéènì tí DNA máa ń wé mọ́, kí jíìnì ibẹ̀ lè dákẹ́. Ara tó dá ṣáṣá náà ń lò ó. Ìgbà tó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ló ń pa jíìnì E-cadherin lẹ́nu mọ́, èyí tó ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ra, ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá já kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó di inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2002 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé EZH2 pọ̀ nínú jẹjẹrẹ próstéètì tó ti ràn ju èyí tí kò tíì kúrò lójú kan lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, bíbàjẹ́ EZH2 gan-an ló ń ran àrùn lọ́wọ́! Òǹtàn wo nìyẹn?

Ìyá àgbà ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ nígbà ọmọge wọn. Wọ́n máa ń fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá lẹ̀ mọ́, aró kò ní í débẹ̀. Bí mo ṣe ṣàlàyé mẹ́táìlì fún wọn nìyẹn, ó sì yé wọn kí n tó parí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, "alẹmẹ́táìlì" ni mo mú wá. Ẹni tó dábàá "apínmẹ́táìlì", ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ̀kọ kọ́ là ń pín fún àlejò.

Ẹni tó ní kí ẹni tí kò kàwé èdè ní yunifásítì panu mọ́, ìyá àgbà kò kàwé rárá, àwọn ló sì rí àṣìṣe náà.

Ó ku LSD1, ẹ́ńsáìmù tó ń yọ mẹ́táìlì kúrò. "Ayọmẹ́táìlì" ni mo kọ, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ sí "yọ" náà. Kí ni ẹ̀yin ń pe kí a họ ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ tó ti gba aró?