Ẹ gbà mí o: ta ló lè bá mi wo ère Búdà yìí kó tó di Sátidé?

Àbíkẹ́ Peckham: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará London. Màmá òyìnbó tí mò ń tọ́jú fún mi ní ère Búdà kan, ó jókòó, idẹ ni, wúrà wà lára rẹ̀, ó ti pẹ́. Ọkùnrin kan fẹ́ wá rà á ní Sátidé. Ibo ni kí n gbé e lọ? Ṣé kí n fọ̀ ọ́ ni? Kíákíá, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Kọ́lá: Má fọ̀ ọ́ o! Wúrà ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Wọ́n máa ń po wúrà mọ́ màkúrì (irin tó ń ṣàn bí omi), wọ́n á kùn ún sára idẹ, wọ́n á wá fi iná lé màkúrì lọ. Bí o bá ń ha á, wúrà á bọ́. Wo orí ìjókòó òdòdó rẹ̀ níwájú: ṣé lẹ́tà Ṣáínà mẹ́fà wà níbẹ̀? Ó lè jẹ́ ti ayé ọba Yongle (1403–1424). Ọ̀kan irú rẹ̀ ta ju HK$236 mílíọ̀nù lọ ní Hong Kong lọ́dún 2013.

Túndé_W: Àwọn ayédèrú náà ń kọ lẹ́tà yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi owó dán ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Ìbejì N17: Má gbé e fún oníṣọ́ọ̀bù kankan! Èmi gbé tèmi fún ọ̀kan, ó ní òun kàn fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀. Kí n tó padà dé, ó ti tú páànù bàbà ìdí rẹ̀, ìwé àdúrà àwọn ará Tibet tí wọ́n ká sínú rẹ̀ ti pòórá. Ó wá ní ère tí wọ́n ti tú kì í níye lórí bí èyí tó ṣì wà ní dídì. Òun tó tú u!

Ṣadé: Háà! Olè pọ́ńbélé. Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ pe ọlọ́pàá?

Ìyá Ìbejì N17: Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá. Inú mi ṣì ń bàjẹ́.

Arábìnrin Grace: Kí ni ọmọ Ọlọ́run ń fi òrìṣà ṣe nínú ilé?

Túndé_W: Ohun tó béèrè kọ́ nìyẹn, mà.

Ọmọ Ọya: Fífọ̀ kì í ba ère jẹ́. Ère tó jókòó ní abúlé Tada láyé àtijọ́, etí odò Ọya ni wọ́n ti máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ ní Jímọ̀-Jímọ̀.

Bàbá Kọ́lá: Bàbà ni ti Tada, kò sí wúrà lára rẹ̀. Ara òun náà sì ti jẹ. Àbíkẹ́, ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí Bonhams tàbí Sotheby's, àwọn tó ń ta ohun àtijọ́ ní gbàǹjo. Wọn kì í gbowó kí wọ́n tó díye lé e. British Museum kì í díye lé nǹkan.

Ṣadé: Wádìí bóyá wọ́n jí i. Ní 2018, ọlọ́pàá London dá Búdà idẹ kan padà fún Íńdíà. 1961 ni wọ́n ti jí i ní Nalanda. Àwa tí à ń béèrè ẹrù Benin, kò yẹ ká ta ẹrù ẹlòmíì.

Túndé_W: Ṣé màmá kọ ìwé pé àwọn ló fún ọ? Àwọn ọmọ wọn lè pè ọ́ lólè, iṣẹ́ á sì bọ́.

Àbíkẹ́ Peckham: Ẹ ṣé gan-an. Ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀ lálẹ́ òní, ó ti fowó lé e. Owó ilé ń dúró dè mí, mo máa tà á. Mi ò ní jẹ́ kó tú ìdí rẹ̀.

Túndé_W: Ìwé màmá ńkọ́?